"Ẹni tó mọ káàdì ta kì í yí ọwọ́ padà": irọ́ tó ń lé èèyàn jáde nínú ìdíje póòkà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ta póòkà ní Under G, lẹ́bàá LAUTECH níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ káàdì ta kì í yí ọwọ́ padà. Bó bá jẹ́ onísùúrù ni ọ́, máa ṣe sùúrù lọ títí dópin. Bó bá jẹ́ onígboyà ni ọ́, máa gbéná wojú wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá ń yí padà, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àmọ́ nínú ìdíje, òun gan-an ló ń dá èèyàn padà sílé láìpẹ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Orí ọpọ́n ayò ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ eré. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Tí ẹ bá ta ọ̀kan tán, ẹ ó kó o padà, ẹ ó tún un pín dọ́gba, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọ̀ta tó ti mọ ọ̀nà tó ń gbà pa èèyàn láàárọ̀, kí ló fẹ́ yí i padà fún lálẹ́? Póòkà tí kì í ṣe ti ìdíje náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀: bláìndì, ìyẹn iye tí àwọn kan gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì, kì í ga sí i, ṣíìpù (ohun tí wọ́n fi ń dípò owó lórí tábìlì) náírà kan jẹ́ náírà kan, bó bá sì tán lọ́wọ́ ẹ, o lè ki ọwọ́ bàpò kó o rà sí i. Nínú ìdíje, iye tí wọ́n kà fún ọ níbẹ̀rẹ̀ lo máa fi jà, bláìndì ń gbéra, owó ẹ̀bùn sì ti ní ẹni tó ń dúró dè: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Àwọn tó kù, ó dàbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi eré wọn gan-an ṣe é. Èèyàn mẹ́wàá, ₦500 lórí kálukú, ₦5,000 lápapọ̀. Ẹni kìíní á gba ₦2,500, ẹni kejì ₦1,500, ẹni kẹta ₦1,000. Ìdérí ìgò ni ṣíìpù wọn: pupa jẹ́ 10, aláwọ̀ ọsàn jẹ́ 50, ti bíà jẹ́ 100. Kálukú á gba 1,000. Bláìndì ni iye tí àwọn méjì tó jókòó tẹ̀ lé ẹni tó ń pín káàdì gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì wọn rárá, bí ìpín ṣe ń yí ká ló sì ń kan olúkúlùkù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní 10 àti 20. Tí ìṣẹ́jú 15 bá pé, á di 20 àti 40, lẹ́yìn náà 30 àti 60. Nígbà tí ìṣẹ́jú 45 bá fi máa pé, ó ti di 50 àti 100.

1,000 tó o fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bláìndì ńlá (èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, 20) lọ́nà 50. Ká ní o rọra ń ta, o ò jẹ, o ò sì pàdánù. Ní ìṣẹ́jú 45 yẹn, 1,000 kan náà ti di bláìndì ńlá 10 péré. Ìdérí ìgò iwájú ẹ ò dín ní ọ̀kan, àmọ́ agbára ti tán nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́ eré yìí kì í fi í ka ṣíìpù. Iye bláìndì ńlá tó kù ni wọ́n ń kà.

Nígbà tó ṣì jẹ́ 50, àyè wà láti wo nǹkan. Ká ní káàdì méjèèjì tí wọ́n pín fún ọ jẹ́ mẹ́rin, ẹnì kan gbé e sókè sí 60, o sì san án, ìyẹn ni pé o kó iye kan náà sílẹ̀. Nínú káàdì mẹ́ta tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí sáàárín fún gbogbo yín, mẹ́rin kẹta máa ń yọ ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Tí kò bá yọ, 60 ló lọ. Tó bá yọ, gbogbo 1,000 ẹni yẹn lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Wá gbé mẹ́rin méjì yìí kan náà dé ìgbà tí bláìndì jẹ́ 50 àti 100, tó jẹ́ 600 ló kù lọ́wọ́ ẹ, tí ẹnì kan sì gbé e sókè sí 250. Kí lo fẹ́ san wò níbẹ̀? Kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó o da káàdì nù. Kò sí ìkẹta.

Onísùúrù ló ń ṣe mí láàánú jù. Ó ní òun ń dúró de éèsì méjì, ọwọ́ tó lágbára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Éèsì méjì ń wá lẹ́ẹ̀kan nínú ìpín 221. Bó bá ku èèyàn méje lórí tábìlì, tí bláìndì jẹ́ 50 àti 100, gbogbo ìgbà tí ìpín bá yí ká, 150 ti kúrò níwájú ẹ, o ò tíì la ẹnu. 1,000 ò lè ju bí ìpín 46 lọ kó tó gbẹ. Pé kí éèsì méjì yọjú nínú ìpín 46, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bláìndì á tún ti ga sí i kí ìpín náà tó pé. Bó bá wá jàjà dé nígbà tó ku 200 lọ́wọ́ ẹ, ta ló fẹ́ pa?

Látìgbà tó o bá ti wà ní bláìndì 10 wá sísàlẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì láti jẹ: kí àwọn yòókù sá fún un, kó kó 150 tó wà nílẹ̀, tàbí kí ẹnì kan san án, kí káàdì tiẹ̀ sì borí. Ẹni tó san án ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Torí náà, éèsì àti mẹ́jọ tó dára láti fi kọ́kọ́ kó o sílẹ̀ lè máà dára láti fi san án fún ẹlòmíì. Òdìkejì ni àwọn ọmọ wa ń ṣe. Ọwọ́ wọn yá láti san, ó lọ́ra láti kọ́kọ́ kó o sílẹ̀.

Wọ́n máa ń fi ìtàn Jack Straus, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ta póòkà, dá mi lóhùn. Ní World Series of Poker, ìdíje póòkà tó lókìkí jù lágbàáyé, ọdún 1982, ọkùnrin yìí rò pé gbogbo ṣíìpù òun ti lọ, ó fẹ́ dìde, ló bá rí ẹyọ kan, ti $500, lábẹ́ náńkínnì. Ẹyọ kan yẹn ló fi padà borí nínú ìdíje náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé ẹni tó ní ẹyọ kan lè rọra máa dúró de éèsì? Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kó sílẹ̀.

Onígboyà náà ní tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n tètè kó ṣíìpù jọ, pé ẹni tó bá sọ tiẹ̀ di méjì ní ìpín àkọ́kọ́ ti sọ owó ẹ̀ di méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní ICM. Ó gbà pé bí ṣíìpù ẹ ṣe pọ̀ tó nínú gbogbo ṣíìpù ilẹ̀ ni àǹfààní ẹ láti ṣe ipò kìíní ṣe tó. Yọ ẹni kìíní kúrò, kó o tún un ṣe fún ipò kejì, bẹ́ẹ̀ náà fún ìkẹta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 1,000 ẹ jẹ́ ₦500. Tó o bá lé ẹnì kan jáde ní ìpín àkọ́kọ́, tó o ní 2,000, iye rẹ̀ jẹ́ bíi ₦922. Ẹni tó bá fi ₦500 ẹ̀ ta á sí ìdajì-ìdajì níbẹ̀ ti fi nǹkan bíi ₦39 tọrẹ láìmọ̀.

Ibi tí èyí ti ń dunni jù ni ìgbà tó bá ku mẹ́ta. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù méjì ni wọ́n gbé lé orí kọ́ọ̀bù kí wọ́n lè rí káàdì. Ọ̀kan ní 5,000, ọ̀kan 3,000, ọ̀kan 2,000. Lójú ICM, ẹni tó ní 5,000 ò ní ìdajì owó náà o: ₦1,920 ni tiẹ̀. Ti ẹni tó ní 3,000 jẹ́ ₦1,637, ti ẹni tó ní 2,000 jẹ́ ₦1,443. Alágbára kó gbogbo tiẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ní 3,000 wo éèsì àti jáàkì ọwọ́ ẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó san án. Mẹ́sàn-án méjì ni ẹnì kejì ṣí. Éèsì ò wá, jáàkì ò wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí éèsì àti jáàkì yìí náà ni mo fi jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kan?"

"Òun náà ni, àbúrò. Nígbà yẹn, èèyàn mélòó ló kù?"

Mẹ́sàn-án ni. Ká yọ bláìndì sẹ́yìn ná: bó bá da káàdì nù, ₦1,637 ẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá san án tó jẹ, ó di 6,000, iye rẹ̀ jẹ́ ₦2,050. Bó bá pàdánù, ₦1,000 ló kù. Kí ìyẹn tó lè bọ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ máa jẹ ní ìgbà 61 nínú 100, kì í ṣe 50. Bó bá jẹ́ pé ẹni iwájú ẹ̀ ń kó káàdì èyíkéyìí sílẹ̀, éèsì àti jáàkì á tó o. Sísan ni ì bá dára. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ti ń ṣa káàdì látàárọ̀. Mo fẹ́ràn kéèyàn máa wo ojú ẹni tó ń bá ta ju káàdì ọwọ́ ara ẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ẹni tó ní 2,000, tó ń mu gààrí tútù jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀. Kò fọwọ́ kan káàdì, tiẹ̀ sì ti ga láti ₦1,443 sí ₦1,700, nítorí ipò kejì ti dá a lójú. Nígbà tí ẹlòmíì bá kéré jù ọ́ lọ tó ń kú lọ, jẹ́ kó kọ́kọ́ kú. Tó bá jẹ́ ìwọ lo sì ní jù, àkókò yẹn gan-an ni kó o máa lé wọn kiri, torí pé sísan án fún ọ wọ́n wọn.

Nígbà tó bá wá ku méjì, gbogbo ìbẹ̀rù yẹn parí. ₦1,500 ti wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ₦1,000 tó kù ni wọ́n ń jà lé, bí ṣíìpù ṣe pọ̀ ni owó ṣe pọ̀. Bláìndì ń kan ọ́ ní gbogbo ìpín. Ẹni tó bá ṣì ń dúró de káàdì gidi níbẹ̀, á sùn síbẹ̀ ni.

Ẹ má fi èyí pe inú bíbí o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣíìpù ẹ̀, tó wá ń fi ìbínú kó o sílẹ̀ ní gbogbo ìpín, òun náà ti yí ọwọ́ padà, àmọ́ kò ka bláìndì, kò ka èèyàn, kò ka owó.

Kó o tó jókòó, bèèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń kó gbogbo ẹ̀, gbàgbé ICM. Òdìkejì ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní satellite, níbi tí ẹ̀bùn ti jẹ́ ìwé ìwọlé sí ìdíje ńlá. Ká ní ìwé mẹ́wàá ló wà, ó ku èèyàn 11, ṣíìpù sì kún iwájú ẹ: o lè da éèsì méjì pàápàá nù bí alágbára mìíràn bá kó gbogbo tiẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni kìíní àti ẹni kẹwàá, ìwé kan náà ni wọ́n máa gbà. Satellite $86 lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Chris Moneymaker gbà wọ ìdíje àgbà World Series ọdún 2003, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ $10,000. Pẹ̀lú òun fúnra ẹ̀, èèyàn 839 ló wọlé. Níbẹ̀, ipò kan ò dọ́gba pẹ̀lú èkejì mọ́: òun tó ṣe ipò kìíní gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là, Sam Farha tó ṣe ipò kejì gba mílíọ̀nù kan lé ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.