Inú ewé ni gbáàgúdá ti ń se oúnjẹ rẹ̀

Bi àgbẹ̀ kan ní Kétu pé kí ló mú gbáàgúdá rẹ̀ ta tó bẹ́ẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pupa tó dúró lé. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò kárí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ara gbáàgúdá, inú afẹ́fẹ́ àti omi ló ti wá.

Jan Baptist van Helmont, ọmọ ìlú Brussels tó kú ní ọdún 1644, ti dán an wò. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi wílò kékeré sí i, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi nǹkan bí kílò 74 wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ kò dín ju nǹkan bíi gíráàmù 60 lọ. Ó gbà pé omi nìkan ló di igi. Kò ronú kan afẹ́fẹ́.

Lábẹ́ ewé gbáàgúdá ni ẹnu tín-ín-tìn-tín wà lọ́pọ̀lọpọ̀, ojú lásán kò lè rí wọn. Ibẹ̀ ni kábọ̀n dáyọ́kísáìdì ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta. Kò pọ̀ rárá: nínú 10,000 ìwọ̀n afẹ́fẹ́, kò ju bíi 4 lọ. Pẹ̀lú èyí náà ni oko Kétu ṣe ń kún! Gbòǹgbò ń fa omi gòkè. Kílórófíìlì, ohun tó mú ewé tutù yọ̀yọ̀, ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, agbára ìmọ́lẹ̀ yìí ló sì ń tú omi palẹ̀. Ọ́síjìn inú omi á bá ẹnu ewé jáde, òun là ń mí sínú; èyí tó kù á dara pọ̀ mọ́ kábọ̀n, wọ́n á di ṣúgà. Ní ọdún 1779, Jan Ingenhousz, dókítà ọmọ Netherlands, fi hàn pé ibi tó tutù lára ewéko nìkan ló ń tú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe é bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀.

Ṣúgà náà á gba ara igi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, níbi tó ti ń di sítáàṣì. Ẹni tó bá ti rin gbáàgúdá tó sì fún un, ó mọ̀ ọ́n: bí omi rẹ̀ bá tòrò tán, funfun kan á sùn sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, á le gbandi lábẹ́ ìka. Oòrùn oṣù púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ilẹ̀? Ó ń pèsè èròjà tí à ń pè ní náítírójìn, tí ewé fi ń kọ́ kílórófíìlì. Ilẹ̀ tó bá ti gbó, ewé á pọ́n, sísè á sì falẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ewé ń pa ẹnu rẹ̀ dé kí omi má baà tán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà kò ní lè wọlé.

Ìdí nìyí tí oṣù 3 àkọ́kọ́ kò fi gba ọ̀lẹ nínú oko gbáàgúdá. Koríko tó bá ga jù ú kì í bá a du omi nìkan, ó ń gba oòrùn mọ́ ọn lójú.