Ilẹ̀ Ló Gbé McDonald's Ró

Ohun tí àwọn tó fẹ́ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bi mí ni ohun tí wọ́n máa sè. Èmi a ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dúró lé. Ìtàn McDonald's, ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà tó ń ta hambọ́gà (búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ sáàárín), ni mo fi ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Maurice àti Richard McDonald tó ṣí i ní San Bernardino, ní California, lọ́dún 1940. Ọjà ń tà wàràwàrà. Síbẹ̀, ní 1948, wọ́n tì í fúngbà díẹ̀, wọ́n dá àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ bá oníbàárà nínú mọ́tò dúró, wọ́n dín ohun tí wọ́n ń tà kù sí mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi bébà rọ́pò àwo. Hambọ́gà di sẹ́ǹtì 15. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun, orí pápá tẹníìsì ni wọ́n ti fi ẹfun ya ilé ìdáná, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn nínú rẹ̀ bíi pé wọ́n ń dáná.

Ray Kroc, tó ń ta ẹ̀rọ ìpo milkshake (ohun mímu oníwàrà), lọ wò wọ́n ní 1954, ó sì gba àṣẹ láti máa jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn fi orúkọ McDonald's ṣí ẹ̀ka káàkiri. Ó ṣí tirẹ̀ ní Des Plaines, Illinois, ní 1955.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Nínú 100 dọ́là tí ẹ̀ka kan bá tà, dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 90 péré ló ń kan Kroc, sẹ́ǹtì 50 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn McDonald. Kò lè gbé ilé-iṣẹ́ ró. Harry Sonneborn, tó ń bójú tó ètò owó fún Kroc, ló wá ọ̀nà àbáyọ ní 1956: kí ilé-iṣẹ́ gba ilẹ̀, kí ó yá a fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀ka, kí owó ilé sì máa ga bí ọjà bá ṣe ń tà sí. Agbára lórí àwọn ẹ̀ka náà tún bá a dé. Ẹni tó bá jẹ́ kí ìdọ̀tí gba ilé ìdáná lè pàdánù ilé. Lójú tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí hambọ́gà wọn rí bákan náà níbi gbogbo.

Ní 1961, Kroc fi mílíọ̀nù 2.7 dọ́là ra gbogbo ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà. Ilé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè lo orúkọ ara wọn lára rẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí àwọn ló ronú kan ètò ìdáná yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá yín ní orúkọ rẹ̀, ẹ wo ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ̀rọ̀ ilé: ta ló ni ín, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó ilé bí ọjà bá pọ̀, ṣé lórí ọjà ni wọ́n ti ń yọ ìdá tiwọn àbí lórí èrè? Bó bá jẹ́ lórí ọjà ni, ẹ óò máa sanwó kódà lóṣù tí ẹ ò jèrè.