Ẹ̀jẹ̀ San Gennaro

Ẹ̀jẹ̀ San Gennaro ni ohun dúdú kan tó ti gan sínú ìgò ní kàtídírà ìlú Naples lórílẹ̀-èdè Ítálì, táwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ìlú náà gbà pé ẹ̀jẹ̀ Gennaro ni, ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n máa ń gbé e jáde, ìyẹn Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, 19 oṣù Kẹsàn-án tó jẹ́ ọjọ́ ọdún ẹ̀, àti 16 oṣù Kejìlá, tí wọ́n fi ń rántí bí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius ṣe bú lọ́dún 1631 tí iná ẹ̀ ò sì jó ìlú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà ohun tó gan yẹn máa ń yọ́ lójú gbogbo èrò.

Ta ni Gennaro

Ohun téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹ̀ ò pọ̀. Ìtàn ní bíṣọ́ọ̀bù Benevento ni, pé wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Pozzuoli ní nǹkan bí ọdún 305, nígbà tí Diocletian, olú ọba Róòmù, ń ṣe inúnibíni sáwọn Kristẹni, àti pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Eusebia ló gbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ ọdún 1389 la kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà yọ́, ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tó ti kú nígbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ìgò méjì ni, ńlá ẹ̀ kún ju ìdajì lọ díẹ̀, inú kékeré ò ní ju àbàwọ́n lọ, méjèèjì wà láàárín gíláàsì róbótó tó ní férémù fàdákà. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà á dì í mú, á máa dà á sọ́tùn-ún sósì, á tún dorí ẹ̀ kodò káwọn èèyàn lè rí i bóyá ó ti ń ṣàn. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní ìbátan San Gennaro á ti wà níwájú, wọ́n á máa gbàdúrà, tó bá pẹ́ jù wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, wọ́n á ní olójú yẹ́lò ni, torí ère ẹ̀ tí wọ́n fi wúrà bò. Tó bá ti yọ́, wọ́n á ju áńkáṣíìfù funfun sókè, àtẹ́wọ́ á sì sọ.

Tí ò bá yọ́, ẹ̀rù máa ń ba ìlú. Wọ́n máa ń mẹ́nu ba 1939 tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, àti 1980 tí ilẹ̀ mì tìtì ní gúúsù Ítálì. Kò yọ́ lóṣù Kejìlá 2020 náà, àmọ́ ó yọ́ lóṣù Karùn-ún àti Kẹsàn-án ọdún yẹn nígbà tí Kòrónà ti gbòde, torí náà ó yẹ kéèyàn rọra fojú àmì wò ó.

Ohun táwọn onísáyẹ́ǹsì sọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Lọ́dún 1991 Luigi Garlaschelli àtàwọn ará Ítálì méjì míì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nature pé àwọn fi iron chloride (irú iyọ̀ irin kan), calcium carbonate (irú èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì), iyọ̀ àti omi ṣe jẹ́ẹ̀lì kan tó pọ́n dúdú, tó máa ń gan téèyàn bá gbé e kalẹ̀, téèyàn bá wá mì í á ṣàn, tó bá tún dúró á tún gan, bí ọ̀dà inú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n bá rò ó. Gbogbo nǹkan yẹn làwọn èèyàn ìgbà 1389 lè rí, iron chloride fúnra ẹ̀ sì wà lára òkè ayọnáyèéfín bíi Vesuvius tó wà lẹ́bàá ìlú. Àlàyé yìí lágbára torí pé dída ìgò yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún náà ni mímì. Ohun tó ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé nígbà míì wọ́n máa ń ṣí séèfù tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, wọ́n á bá a pé ó ti yọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ti tan iná gba inú gíláàsì náà kọjá lọ́dún 1902 àti 1989 kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn rí àmì hemoglobin, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, àwọn míì ní ìyẹn ò tó ẹ̀rí. Ṣíṣí ìgò náà nìkan ló lè yanjú ẹ̀, ìjọ ò sì gbà kí wọ́n ṣí i.

Èrò ìjọ

Ìjọ Kátólíìkì ò tíì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ìyanu ni, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Lọ́dún 2015 tí Póòpù Francis wá sí Naples, ìdajì ẹ̀ ló yọ́, Póòpù wá ní ó jọ pé ìdajì ni ẹni mímọ́ náà fẹ́ràn wọn dé, kí wọ́n túbọ̀ ronú pìwà dà.

Irú ẹ̀ míì

Ẹ̀jẹ̀ Patricia mímọ́ wà ní Naples kan náà, ti Pantaleon tóun náà jẹ́ ẹni mímọ́ wà ní Ravello tí ò jìnnà síbẹ̀, 27 oṣù Keje ni wọ́n máa ń retí ìyẹn. Ti Pantaleon kan tún wà ní Madrid ní Sípéènì.