Orin kan, àpò méjì: bí òǹkọ̀wé orin ṣe ń jẹun ní Jàpáànù

Bí Yorùbá bá sọ pé ẹnì kan "kọ orin", ó lè jẹ́ pé ẹnu ló fi kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé gègé ló fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ẹni tó ń gbọ́ ni yóò fi òye mọ èyí tí à ń wí. Nínú òwò orin ní Jàpáànù, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́ ní àpò tirẹ̀, ẹni tó fi gègé kọ ọ́ ní tirẹ̀, owó tó ń wọ àpò kìíní kì í sì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti èkejì. Inú ìyàtọ̀ yìí la ti lè rí bí akọrin kan ṣe fi orí ìtàgé sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, tí orin rẹ̀ kò sì yéé bọ́ ọ. Mariya Takeuchi ni akọrin náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe kedere nítorí pé ó ti gbé ìhà méjèèjì rí.

Ọdún 1955 ni wọ́n bí i ní ìlú Taisha, ní agbègbè Shimane, nítòsí ojúbọ ńlá Izumo, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti ń bójú tó ilé àlejò àtijọ́ kan. Ó lo àkókò díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì padà wá kàwé ní Yunifásítì Keio ní Tokyo. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.

Bí akọrin tuntun bá wọṣẹ́ ní Jàpáànù, ọwọ́ méjì ló máa ń bọ́ sí. Èkíní ni jimusho, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó akọrin: òun ló ń gba iṣẹ́ fún un, òun ló ń to ọjọ́ rẹ̀, òun ló ń sọ ètò tẹlifíṣọ̀n tí yóò lọ àti ìwé ìròyìn tí yóò ya fọ́tò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń san owó oṣù fún akọrin bí òṣìṣẹ́. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, tó ń náwó sí gbígba ohùn sílẹ̀, tó sì sábà máa ń ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà. Akọrin ni ojú tí gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ ni Takeuchi ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1978 sí 1981, àwo orin ńlá márùn-ún ló ṣe. Ẹni tó bá mọ wàhálà tó wà nínú àwo kan ṣoṣo yóò mọ̀ pé ìyẹn pọ̀ ju agbára ènìyàn lọ. "September" ti 1979 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀, Takashi Matsumoto ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Tetsuji Hayashi ló fi ohùn sí i, ìyẹn ni pé òun ló ṣẹ̀dá bí orin náà ṣe ń dún. "Fushigi na Peach Pie" ti 1980 tẹ̀ lé e, èyí tí Shiseido fi polówó ohun ìṣaralóge. Kazumi Yasui ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Kazuhiko Kato ló ni ohùn rẹ̀. Orin méjèèjì tí gbogbo ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n nígbà náà, ẹnu tirẹ̀ ni, gègé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí 1981 fi máa parí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti sú u, ó sì dáwọ́ dúró. Ní 1982, ó fẹ́ Tatsuro Yamashita, tí òun náà jẹ́ akọrin àti òǹkọ̀wé orin.

Lójú ẹni tó ń wò láti ìta, iṣẹ́ parí. Owó orin ló sì sọ ìdí tí kò fi parí.

Ká mú sídì kan tí wọ́n ń tà ní 3,000 yen. Iye yìí kì í já wálẹ̀ bó ṣe wu ṣọ́ọ̀bù, torí òfin ilẹ̀ náà gba ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde láyè láti dá iye rẹ̀ lé e, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì tà á bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn, ìyẹn 180 yen, ni ti àwọn tó fi gègé kọ orin inú rẹ̀. JASRAC, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 láti máa gba owó fún àwọn òǹkọ̀wé orin, ló máa ń gbà á. Yóò yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ síkàáwọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn sábà máa ń mú ìdajì. Nǹkan bí 90 yen ló kù, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó fi ohùn sí i yóò wá pín in. Akọrin ńkọ́? Àdéhùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọ́pọ̀, ìyẹn 30 yen. Bí akọrin bá wá jẹ́ ẹni kan náà tó kọ ọ̀rọ̀, tó tún fi ohùn sí gbogbo orin inú àwo, 90 pẹ̀lú 30 ni, 120 yen lórí sídì kan ṣoṣo. Ẹni tó fi ẹnu nìkan kọ ọ́ yóò ta sídì mẹ́rin kó tó rí iye yẹn.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣì kéré sí ti karaoke. Ní ilé karaoke, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń fi ẹnu ara wọn kọ orin tí ẹ̀rọ ń lù, kì í ṣe ohùn akọrin ni wọ́n ń lù; àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ló ń tún èlò orin rẹ̀ lù látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ orin náà kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fi gègé kọ ọ́ ló ní i. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ karaoke ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin láti orí wáyà tẹlifóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè, àkọsílẹ̀ wà pé orin báyìí ni wọ́n tẹ̀, ìgbà mélòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Osaka lè tẹ orin kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ọtí, ẹni tó kọ ọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn yóò rí nǹkan níbẹ̀, ì báà wà lórí ibùsùn rẹ̀.

Ohun tí Takeuchi ṣe nílé nìyẹn. Kò jáde lọ kọrin, ó jókòó ó ń kọ orin fún àwọn ẹlòmíràn. Ní 1982, Naoko Kawai gba "Kenka wo Yamete" lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1984, òṣèré Hiroko Yakushimaru gba "Genki wo Dashite". Ní 1986, Akina Nakamori, tó wà lára àwọn tí òkìkí wọn ga jù láyé ìgbà náà, gba "Eki", orin nípa obìnrin tó ṣàdédé rí olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí kò sì pè é. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ló ń sáré lọ sáré bọ̀ ní ilé tẹlifíṣọ̀n. Gègé rẹ̀ ló ń bá wọn rìn.

Ní 1987 ó wá kó púpọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyẹn jọ, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ wọ́n nínú àwo *Request*. Àṣà tó fìdí múlẹ̀ ni èyí láàárín àwọn òǹkọ̀wé orin Jàpáànù, ó sì bọ́gbọ́n mu: ẹlòmíràn ti bá ọ gbé orin náà wọ ilé gbogbo, o wá ń gbà á padà gẹ́gẹ́ bí onílé. Lónìí, "Eki" tó jáde lẹ́nu Takeuchi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí.

Kí *Request* tó dé ni *Variety* ti jáde, ní oṣù kẹrin 1984. Àwo yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun nìkan ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àti ohùn orin inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló darí iṣẹ́ náà, tó to èlò orin rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Moon tí Yamashita wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ló sì gbé e jáde. Ẹ wo bí ìdè ṣe tú: kò sí ẹni tí yóò ní kó wá dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tí yóò ní àwo méjì lọ́dún. *Variety* gun òkè pátápátá nínú àtẹ Oricon, tó ti ń ka bí àwo ṣe ń tà láti 1968. Akọrin tí kò jáde nílé ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí akọrin kò bá jáde, orin gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń gbé e kiri. Ní Jàpáànù, *taiappu* ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà: wọ́n á so orin tuntun mọ́ eré tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọjà tàbí fíìmù. Òwò gidi ni fún ìhà méjèèjì. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ńlá ní ilé-iṣẹ́ tiwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀tọ́ orin, TBS ní Nichion, Fuji ní Fujipacific, nígbà púpọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ìpín nínú ẹ̀tọ́ orin tí eré wọn bá gbé jáde. Bí orin ṣe ń dún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni owó ń padà wá sí ilé tó ń dún ún. Takeuchi lo ọ̀nà yìí dáadáa. "Single Again" ní 1989 àti "Kokuhaku" ní 1990 ni wọ́n fi ń parí eré ọ̀daràn tí Nippon TV ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ìyàwó ilé tó jókòó wo eré náà ló gbé orin wọ̀nyẹn dé karaoke. Ní 1998, "Camouflage" bá eré kan ní Fuji rìn, ó sì di àwo kékeré rẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní. Láàárín wọn, ní 1994, wọ́n kó àwọn orin tó gbajúmọ̀ jọ sínú *Impressions*, ó sì ta ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ọdún 2000 ló tó padà sórí ìtàgé, ní Budokan ní Tokyo.

"Plastic Love" ni orin kejì nínú *Variety*. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ lórí àwo kékeré ní 1985, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló tà, ipò 86 ló dé. Ó sùn síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn DJ bíi Night Tempo ti Kòríà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un lù. Nígbà tó di 2017, olólùfẹ́ orin kan gbé e sí YouTube pẹ̀lú fọ́tò ojú Takeuchi tó ń rẹ́rìn-ín. YouTube máa ń fi ohun tí àwọn kan wò han àwọn tó jọ wọ́n, ó sì ń gbé fídíò náà síwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè Jàpáànù rárá. Ó ju mílíọ̀nù ogún ìgbà tí wọ́n ti wò ó kí ó tó pòórá ní ìparí 2018.

Ìdí tó fi pòórá ló yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí. Kì í ṣe orin ló dá a. Fọ́tò náà kì í ṣe ti "Plastic Love" rárá, ti àwo kékeré rẹ̀ "Sweetest Music" ti 1980 ni, wọ́n yà á ní Los Angeles, ẹni tó yà á sì wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú fídíò kan ṣoṣo, onílé mẹ́ta ló wà: ẹni tó fi gègé kọ orin, ilé-iṣẹ́ tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àti ẹni tó ya fọ́tò. JASRAC ti ní àdéhùn pẹ̀lú YouTube láti 2008, nítorí náà ọ̀nà ti wà fún ẹni tó fi gègé kọ ọ́. Ti fọ́tò ni kò sí ẹni tó rò. Fídíò náà padà ní 2019. Ọdún yẹn kan náà ni Warner Music Japan, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo Takeuchi jáde, gbé fídíò kúkúrú tiwọn jáde. Ní 2021 wọ́n gbé odidi rẹ̀ jáde, wọ́n sì tún tẹ àwo rẹ̀ tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì sí láyé nígbà tí *Variety* jáde.

Takeuchi kò yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà nítorí òkìkí yìí. Ọjọ́ tó parí 2019 ló kọ́kọ́ kọrin ní Kohaku Uta Gassen, ètò orin ọjọ́ ọdún tuntun ku ọ̀la tí NHK ti ń ṣe láti 1951. Ọdún kọkànlélógójì nìyẹn tó ti wọṣẹ́. "Plastic Love" kọ́ ló kọ níbẹ̀. "Inochi no Uta" ni, tí wọ́n ṣe fún eré òwúrọ̀ NHK kan ní 2008, tó jẹ mọ́ Shimane, ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́, Takatsugu Muramatsu ló fi ohùn sí i, orúkọ tó sì wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Miyabi. Takeuchi fúnra rẹ̀ ni Miyabi. Ní 2024, àwo rẹ̀ *Precious Days* jáde, ọdún kẹwàá lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ní 2025 ó kọrin káàkiri ìlú lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Òfin Jàpáànù tún ya àpò méjèèjì sọ́tọ̀ ní ìparí ọ̀nà. Láti ìparí 2018, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń wà fún àádọ́rin ọdún láti ìgbà tí àwo bá ti jáde, nítorí náà ohùn "Plastic Love" tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí *Variety* yóò di ti gbogbo ènìyàn nígbà tí 2054 bá parí. Ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí ẹni tó fi gègé kọ ọ́ ní, ó di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kó tó tán.