Th àkọ́kọ́ nínú thalātha kì í ṣe ti àtijọ́

Ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń pè ní Àtàláátà, ẹ̀ta ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ kíkà láti Àlààdì, òun ló máa ṣìkẹta. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, thalātha ni wọ́n sì ń pe ẹ̀ta. Ṣalóṣ ni Hébérù ń pè é, Árámáíkì ní tlāt, àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ní ṣalāṣ, àwọn ará Málítà ní tlieta, àwọn tó ń sọ Àmhárì ní Etiópíà sì ní sost. Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. (Òfin tó ní kí ẹ̀ta wọ aṣọ obìnrin nígbà tó bá ń ka ọkùnrin, kó sì wọ tọkùnrin nígbà tó bá ń ka obìnrin, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Orí akẹ́kọ̀ọ́ ti dàrú tó lórí ìyẹn.)

Àṣìṣe kan wà tó ń bíni nínú. Nítorí pé Lárúbáwá ṣì ní ìró th tí púpọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ ti sọ nù, àwọn kan á ní thalātha gan-an ni ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn yòókù ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni fún th ẹ̀yìn. Ti iwájú, ẹ̀dà lásán ni.

*śalāth ni àwọn onímọ̀ èdè máa ń kọ fún ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, àfòyemọ̀ ni. Ìró ś yẹn kò sí nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu lè ṣe é. Fi ahọ́n sí ibi tó máa ń wà tí o bá fẹ́ pe l nínú “ilé”, má gbé e kúrò níbẹ̀, má fi ohùn sí i, kí o wá fẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jáde. Á dún ṣàà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná.

Ẹnu tó fẹ́ pe *śalāth á fẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́, á pe l, lẹ́yìn náà ni ahọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sáàárín eyín fún th. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ̀ pé th ń bọ̀ kì í ní sùúrù. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀: “ará òkè” la ń kọ, “aróòkè” la ń sọ. Á tó gbẹ̀yìn “ará” ti rí ò lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ti para dà. Bí ọkọ ìyàwó tó gbọ́ pé àna ń bọ̀ ló rí, tó ti dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà tó yọ ní ìkòríta. Ní ti *śalāth, l àti ā dúró sáàárín bí àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ś dọ̀bálẹ̀ fún th. Bó ṣe di thalāth nìyẹn.

Hébérù ló tú àṣírí náà. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ s àti ṣ, àmì kékeré ló ń yà wọ́n, bíi ti wa. Àfi pé lókè ni tiwọn wà. Tó bá wà lápá ọ̀tún, ṣ ni. Tó bá wà lápá òsì, s ni, ś àtijọ́ ló sì sábà máa ń wà nídìí ti apá òsì yìí, bíi ti eser, ẹ̀wá. Ká ní ẹ̀ta gbé ś rẹ̀ dé Hébérù ni, apá òsì ni àmì rẹ̀ ì bá wà, salóṣ ni wọn ì bá sì máa pè é. Apá ọ̀tún ló wà. Ìyẹn ni pé ś ti di th kí gbogbo th tó di ṣ lọ́dọ̀ wọn. Ohun kan náà ni Árámáíkì sọ: ś tirẹ̀ di s, ẹ̀wá di asar, ṣùgbọ́n ẹ̀ta kò di slāt. Ti Bábílónì kò wúlò fún ẹjọ́ yìí, torí ś àti th ti jọ di ṣ níbẹ̀.

Apá gúúsù ni nǹkan àtijọ́ kù sí. Ní Yẹ́mẹ̀n, níbi tí ìjọba Ṣeba wà, ś-l-th ni wọ́n fín sára àwọn òkúta tó pẹ́ jù. Àwọn tó dé kẹ́yìn ní th-l-th. Ojú wa kòró báyìí ni ìdọ̀bálẹ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Etiópíà, lẹ́tà méjì, ሠ àti ሰ, ni wọ́n ń pè ní s lónìí, kò sí ìyàtọ̀ létí. Síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ sost bó ṣe yẹ, ሦስት ni yóò kọ, ọmọ ሠ ló sì máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ś ayé àtijọ́. L ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ś ti kú lẹ́nu, lẹ́tà rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀.

Àwọn tó sì ń sọ Mehri ní ìlà-oòrùn Yẹ́mẹ̀n àti ní Ómánì kò ní ìwé àtijọ́ kankan ní èdè wọn tí wọ́n lè nà síni. Wọ́n ń ka ràkúnmí wọn dé ẹ̀ta, ś níwájú, th lẹ́yìn.