Bí géèmù Windows ṣe ń di ti Linux láìsí ọwọ́ àwọn tó ṣe é

Ẹni tó bá ṣí fódà géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows yóò rí fáìlì .exe kan, yóò sì rí fódà ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé .exe yẹn ni géèmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, awakọ̀ lásán ni .exe. Ẹrù gan-an, ìyẹn àwòrán, orin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ àti òfin eré, inú fódà ńlá yẹn ló wà. Awakọ̀ yìí kò gbọ́ èdè Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, rárá, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òun. Bí a bá rí awakọ̀ mìíràn tó mọ ọ̀nà Linux, tó sì mọ bí wọ́n ṣe di ẹrù náà, géèmù á gbéra. Ẹ́ńjìnnì là ń pe awakọ̀ yìí.

Èyí yàtọ̀ sí iṣẹ́ Wine, tó ti wà láti 1993, àti ti Proton, tí Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni ìtàjà géèmù Steam, gbé jáde ní 2018. Ògbufọ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn: .exe ṣì ni wọ́n ń ṣí, gbogbo ohun tó bá béèrè lọ́wọ́ Windows ni wọ́n ń sọ di ohun tí Linux lè ṣe. Wọ́n wúlò púpọ̀, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ti Linux, kò sí ògbufọ̀ láàárín mọ́.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí àwọn tó ni ẹ́ńjìnnì tú kóòdù rẹ̀ síta. Géèmù Doom ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1993 ni ilé-iṣẹ́ id Software gbé e jáde. Ní oṣù Disemba 1997 wọ́n tú kóòdù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ síta. Kóòdù ti Linux ni wọ́n tú, nítorí pé èyí tó wà fún DOS, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́, lo ètò ohùn tí ẹlòmíràn ní àṣẹ lórí rẹ̀. Nígbà tó di 1999, wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Láti ibẹ̀ ni Chocolate Doom ti jáde, èyí tó gbìyànjú láti ṣe gẹ́lẹ́ bí ti àtijọ́, àti GZDoom tó fi ọ̀pọ̀ nǹkan tuntun kún un. Ẹrù náà, fáìlì WAD, kò sí nínú ohun tí wọ́n tú. Ẹni tó fẹ́ fi Doom gidi ṣeré ní láti ní WAD tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí lónìí: kí ẹni tó ń pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín ẹ́ńjìnnì tàbí ìlànà rẹ̀ nìkan, kí oníkálukú lo ẹrù tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Bí kóòdù kò bá sí níta ńkọ́? Unity, ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù ń lò, ló dára jù láti fi ṣe àlàyé. Kóòdù tí àwọn tó ṣe géèmù fi èdè kọ̀ǹpútà C# kọ wà nínú fódà tó ń jẹ́ Managed, nínú àwọn fáìlì .dll. Orúkọ .dll máa ń dẹ́rù bani, èèyàn á rò pé ti Windows ni. Ṣùgbọ́n kóòdù agbedeméjì ló wà nínú wọn. Ètò tó ń jẹ́ Mono ló ń sọ ọ́ di àṣẹ tí kọ̀ǹpútà lóye nígbà tí géèmù bá ń lọ. Mono sì wà fún Linux.

Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ gbé géèmù lọ sórí Linux á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ̀dà Unity tí wọ́n fi ṣe géèmù náà. Bí a bá ṣí fáìlì globalgamemanagers, nǹkan bíi 2019.4.18f1 á wà lókè rẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀dà kan náà gẹ́lẹ́, wọ́n á fi ṣe géèmù òfìfo kan fún Linux, wọ́n á sì yọ awakọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú Mono tó bá a wá. Bí fódà ẹrù bá ń jẹ́ Ogun_Data, awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ Ogun.x86_64, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ẹrù rẹ̀. Àṣẹ chmod +x, tó ń jẹ́ kí Linux gbà láti ṣí awakọ̀ náà, á tẹ̀ lé e. Bí géèmù náà bá ń lo Steam, libsteam_api.so gbọ́dọ̀ rọ́pò steam_api64.dll, nítorí pé ti Windows pátápátá ni ìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, géèmù lè ṣí, kí orin máa dún, kí gbogbo ara ilé, igi àti ènìyàn inú rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ òdòdó. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Shader ni ètò kékeré tó ń sọ fún káàdì àwòrán bí yóò ṣe kun ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti Direct3D, ètò àwòrán Windows, nìkan ni wọ́n dì sínú ẹrù, OpenGL àti Vulkan tí Linux ń lò kò lè kà á, Unity á sì fi àwọ̀ yẹn rọ́pò rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti máa ń dúró. Ìdènà kejì ni IL2CPP: bí wọ́n bá ti sọ kóòdù C# di ti Windows pátápátá, tí GameAssembly.dll wà nínú fódà, pípààrọ̀ awakọ̀ kò ràn án. Ògbufọ̀ ló kù.

Àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù GameMaker, fáìlì data.win ni ẹrù. Wọ́n á sọ ọ́ di game.unx, wọ́n á sì gbé e fún awakọ̀ Linux tí ẹ̀dà rẹ̀ bá a mu. RPG Maker MV kò gbà ju pé kí a fi awakọ̀ rẹ̀, NW.js, ti Linux rọ́pò ti Windows. Ní ti XNA, ohun èlò ìṣe géèmù tí Microsoft pa tì, Ethan Lee kọ FNA láti rọ́pò rẹ̀, MojoShader sì ń túmọ̀ àwọn shader rẹ̀, nítorí náà wàhálà àwọ̀ òdòdó kò sí níbẹ̀.

Ohun kékeré kan ló máa ń gba àkókò jù. Lójú Windows, Music.ogg àti music.ogg kò yàtọ̀. Lójú Linux, fáìlì méjì ni wọ́n. Bí kóòdù bá béèrè Audio/Music.ogg, tí èyí tó wà nínú fódà sì ń jẹ́ audio/music.ogg, géèmù á dákẹ́ tàbí kó kú lójijì. Mono àtijọ́ ní MONO_IOMAP=all tó ń gbójú fo ìyàtọ̀ yìí; láti Linux 5.2 ní 2019, ext4, ètò tí Linux fi ń tọ́jú fáìlì, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún fódà tí a bá yàn. Bí kò bá sí èyí, Player.log, àkọsílẹ̀ tí géèmù Unity ń ṣe lábẹ́ ~/.config/unity3d, ni wọ́n á ṣí, wọ́n á wo orúkọ fáìlì tí géèmù wá tí kò rí, wọ́n á tún un kọ bó ṣe béèrè rẹ̀, wọ́n á sì tún géèmù ṣí, títí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ á fi jáde.