Sagada, Mountain Province

Sagada jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ orí òkè ní ẹkùn Mountain Province, ní àríwá erékùṣù Luzon ní orílẹ̀-èdè Fílípínì. Ó wà nínú agbègbè Cordillera, ilẹ̀ àwọn tí gbogbo Fílípínì ń pè ní Igorot, orúkọ tó túmọ̀ sí ará òkè. Kankanaey ni àwọn tó ni Sagada, èdè Kankanaey ni wọ́n sì ń sọ nílé àti lóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Ilokano, Tagalog àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, wọ́n lé ní 11,000. Barangay 19 ni wọ́n pín sí, ìyẹn àdúgbò tó ní olórí tirẹ̀, mẹ́ta nínú wọn, Dagdag, Demang àti Patay, ló para pọ̀ di àárín ìlú. Ẹni tó gbọ́ Tagalog kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra tó bá dé Patay, torí "òkú" ni ọ̀rọ̀ náà ní Tagalog, pósí tí wọ́n so mọ́ ara àpáta ló sì gbé orúkọ Sagada dé etí aráyé.

Wọ́n ní orúkọ ìlú náà wá láti inú àṣìgbọ́. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì pàdé ọkùnrin kan tó gbé agbọ̀n ìpẹja dání, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń pe ìlú tó wà níwájú. Kò gbọ́ èdè wọn. Ó rò pé agbọ̀n ọwọ́ òun ni wọ́n ń bèèrè, ó dáhùn pé "sagada", wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́

Ìlú náà wà ní ibi tó ga tó bíi 1,500 mítà ju ojú òkun lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 83 kìlómítà níbùú lóròó. Besao wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Bontoc tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn náà wà ní ìlà-oòrùn, Sabangan sì wà ní gúúsù. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìlú ńlá Baguio ní gúúsù yóò gba ọ̀nà Halsema, tó gba orí òkè kọjá láàárín oko ewébẹ̀. Ní Atok, ọ̀nà yìí ga ju 2,200 mítà lọ. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń yí kọ́nà, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kan, ara òkè tó lè ya wá sílẹ̀ nígbà òjò wà lọ́wọ́ kejì.

Òkúta ẹfun ni ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Sagada, irú èyí tí wọ́n ń sun fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Abẹ́ òkun ni òkúta yìí wà ní àtijọ́ kí ilẹ̀ tó gbé e sókè. Omi òjò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, ó ti di ihò lábẹ́, ó ti di ọ̀wọ́n ṣóńṣó lókè, àwọn odò kéékèèké sì wà tó máa ń wọnú àpáta lọ tí wọ́n á tún jáde ní ẹ̀yìn òkè. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè wọ́n nílùú tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀: ilẹ̀ kò gbà á dúró, orísun tó sun jáde lẹ́sẹ̀ òkè ni gbogbo ènìyàn gbójú lé, àti ilé àti oko.

Sumaguing ni ihò tó gbajúmọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ̀ ọ́, afinimọ̀nà ló ń gbé fìtílà ṣíwájú. Àkọ́kọ́, òkúta ẹnu ihò ń yọ̀ nítorí ìgbẹ́ àdán. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí omi ti ń ṣàn lórí òkúta, afinimọ̀nà á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, torí ara òkúta ibẹ̀ rí háráhárá, ó sì ń di ẹsẹ̀ lásán mú ju bàtà lọ. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan so ihò yìí pọ̀ mọ́ Lumiang, ó máa ń gba bíi wákàtí mẹ́rin láti ibì kan dé èkejì, okùn ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ láwọn ibì kan.

Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹwàá ni òjò máa ń rọ̀, ìjì líle láti ojú òkun Pàsífíìkì sì máa ń bá a wá. Nínú oṣù kejìlá sí ìkejì, òtútù òru lè sún mọ́ ìwọ̀n 10 Celsius, kùrukùru á sì bo àfonífojì mọ́lẹ̀ títí oòrùn á fi yọ. Orí òkè Kiltepan ni àwọn àlejò ti ń wo èyí. Wọ́n hun orúkọ ibẹ̀ jọ láti ara barangay mẹ́ta, Kilong, Tetepan àti Antadao.

Igi páìnì ló bo òkè. Apá tó kún fún oje nínú igi náà ni wọ́n ń pè ní saleng: ó ń gbaná kíákíá, òun ni wọ́n fi ń dáná, òun náà sì ni ògùṣọ̀ wọn látijọ́. Igbó wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n. Ìdílé kan ló ni igbó kọ̀ọ̀kan, batangan ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìdílé nìkan ló sì lè gé igi níbẹ̀ láti kọ́lé tàbí dáná. Olùtọ́jú tí ìdílé yàn ló ń mọ ẹni tó gé igi àti iye tó gé. Mo rò pé ètò yìí ló jẹ́ kí páìnì ṣì pọ̀ ní Sagada nígbà tí oko ewébẹ̀ ti gba igbó lọ́pọ̀ ibi lẹ́bàá ọ̀nà Halsema.

Láti ọ̀dọ̀ Biag títí di òní

Ìtàn ẹnu sọ pé Biag ló tẹ Sagada dó. Bika, ní apá ìlà-oòrùn ẹkùn Abra, ni ó ti wá. Àwọn agbéorí, ìyẹn àwọn jagunjagun tó ń gé orí ènìyàn lọ, lé ìdílé rẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n sá lọ sí Candon létí òkun. Nígbà tí wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ènìyàn ṣe ìrìbọmi, Biag kọ̀, ó kó àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sórí òkè. Wọ́n pínyà lójú ọ̀nà: ọ̀kan padà sí Candon, obìnrin kan jókòó sí òkè odò Abra, ẹlòmíràn lọ sí Tetepan. Biag ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí ìlú wà lónìí. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn tó sá fún ìrìbọmi nínú ìtàn yìí ni ọmọ-ọmọ wọn wá di ọmọ ìjọ tọkàntọkàn lẹ́yìn náà.

Sípéènì jọba lé Fílípínì fún ohun tó lé ní 300 ọdún, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn lórí òkè Cordillera. Apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ológun àti àlùfáà Àgùdà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ tí ọwọ́ ṣì ń tẹ̀ ní Sagada ni kọfí, tí wọ́n ní Jaime Masferré, ọmọ ogun Sípéènì tó fẹ́ obìnrin ìlú náà, ló kó wá. Ọmọ rẹ̀, Eduardo Masferré, tí wọ́n bí ní Sagada ní 1909, di ayàwòrán. Ó rìn káàkiri Cordillera pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ya àwọn àgbà, àwọn ahunṣọ àti àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe rí nínú ìmúra wọn ojoojúmọ́. Ó kú ní 1995.

Ọdún 1904 ni John Staunton, àlùfáà ìjọ Episcopal, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà ti Amẹ́ríkà, dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Eliza tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ará Bontoc lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní St. Louis, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè sanwó wò wọ́n. Staunton ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kó tó di àlùfáà, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó gbé ẹ̀rọ ìlagi kalẹ̀, ó fọ́ òkúta, ó sun ẹfun, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, ó sì fi òkúta ìlú náà kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Mary the Virgin. Ilé-ìwé St. Mary's bẹ̀rẹ̀ ní 1912. Lẹ́yìn bíi ogún ọdún, òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ra wọn yé mọ́, ó fi Sagada sílẹ̀, ó sì padà di Àgùdà. Ìlú tó fi sílẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Títí di òní, Sagada wà lára ìwọ̀nba ìlú ní Fílípínì tí Áńgílíkà ti pọ̀ ju Àgùdà lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì ba ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́, wọ́n sì tún un kọ́. Ní àwọn ọdún 1950, William Henry Scott, ọmọ Amẹ́ríkà, wá ń kọ́ni ní St. Mary's. Ibẹ̀ ló ti di òpìtàn, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ìwé àwọn ará Sípéènì fúnra wọn hàn pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ya Igorot sọ́tọ̀ sí àwọn ará Fílípínì yòókù. Ohun tó yà wọ́n ni pé Sípéènì kò rí wọn ṣẹ́gun. Ìjọba Ààrẹ Marcos gbé e ní 1972 lábẹ́ òfin ológun, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Nígbà tó kú ní 1993, Sagada ni wọ́n sin ín sí.

Ní ti ìṣàkóso, Sagada di ìjọba ìbílẹ̀ kíkún ní 1963. Ní 1966 ni wọ́n pín Mountain Province àtijọ́ sí mẹ́rin, wọ́n sì dá agbègbè Cordillera sílẹ̀ ní 1987. Lẹ́yìn ìyẹn díẹ̀, nígbà tí àwọn sójà wà nínú ìlú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Kọ́múníísì wà nínú igbó, tí ìbọn ń pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn àgbà jókòó, wọ́n sì sọ fún ìhà méjèèjì pé kí wọ́n gbé ìjà wọn jáde. Sagada wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́ ní Fílípínì tó kéde ara wọn ní ilẹ̀ àlàáfíà.

Dap-ay

Dap-ay ni àwọn àgbà náà ti jókòó. Òkúta pẹrẹsẹ ni wọ́n tò yípo, iná wà láàárín, ahéré kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin tó bá ti dàgbà díẹ̀ kì í sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́, dap-ay ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìtàn àti òfin lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní amam-a. Ọ̀rọ̀ tó máa ń gbọ́ jù ni inayan, ìyẹn èèwọ̀: ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i.

Àwọn amam-a náà ló ń dá ọjọ́ begnas, ọdún tí wọ́n ń ṣe nígbà ìfúnrúgbìn àti ìkórè ìrẹsì. Àwọn ọkùnrin á sán ìbàǹtẹ́, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú agogo gangsa, wọ́n á pa ẹlẹ́dẹ̀. Ọjọ́ obaya máa ń bá a rìn, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í lọ sóko, tí àlejò kì í sì í wọ ilẹ̀ àdúgbò tó ń ṣe é.

Òkú orí àpáta

Nínú ihò tàbí lára àpáta ni wọ́n ti ń tẹ́ òkú sí ní Sagada kí ìjọ tó dé, àṣà náà kò sì tíì parẹ́ pátápátá. Ní ẹnu ihò Lumiang, pósí tó lé ní 100 ni wọ́n tò lérí ara wọn. Ní Echo Valley, wọ́n so wọ́n mọ́ ojú àpáta ní ìta gbangba. Àgbàlagbà tó kú ikú àtọ̀runwá, tó ti rí ọmọ-ọmọ, ni ó tọ́ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé òkú jókòó sórí àga ikú tí wọ́n ń pè ní sangadil, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á fi èéfín tọ́jú rẹ̀, àwọn ẹbí á sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká a jọ bí ọmọ inú oyún. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn pósí àtijọ́ fi kúrú, kò ju bíi mítà kan lọ, tí àlejò sì máa ń rò pé ọmọdé ló wà nínú wọn.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sin ọ̀pọ̀ jù lọ sí báyìí, ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọjọ́ gbogbo àwọn ẹni mímọ́, wọn kì í tan àbẹ́là. Saleng ni wọ́n ń dá lórí ibojì kọ̀ọ̀kan, panag-apoy ni wọ́n ń pè é. Èéfín oje páìnì á bo òkè náà, ibojì á máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ibẹ̀ á fi pọ́n.

Oko, oúnjẹ àti àlejò

Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí àtẹ̀gùn sí ara òkè, tí wọ́n sì fi òkúta mọ ògiri rẹ̀. Wọ́n ń gbin ànàmọ́, ewébẹ̀, ọsàn àti kọfí pẹ̀lú. Etag, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì yan lórí èéfín, ni adùn ọbẹ̀ wọn. Òórùn rẹ̀ máa ń le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń dé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn fíìmù Fílípínì kan tó jáde ní 2014, tí ó fi Sagada hàn, ni wọ́n wá ya lu ìlú náà. Ilé àlejò pọ̀ sí i, ọkọ̀ dí ọ̀nà tóóró, ilé àlejò àti oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í du omi orísun kan náà.

Ìsun omi Bomod-ok, tó já bọ́ láti ibi gíga tó bíi 60 mítà, wà lára ohun tí wọ́n ń wá wò. Orí ògiri oko ìrẹsì Fidelisan lọ́nà rẹ̀ gbà, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún, ilẹ̀ jíjìn lósì. Bí obaya bá bọ́ sí ọjọ́ tí àlejò dé, yóò bá pudong lójú ọ̀nà, ìyẹn igi esùn tí wọ́n ta ní kókó lórí tí wọ́n sì fi gún ilẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí màrìwò ń sọ lẹ́nu ọ̀nà kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Afinimọ̀nà kì í jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Á yí padà, á sì kó àwọn àlejò rẹ̀ gba ihò lọ.